Tábúlẹ́tì Tí Mo Yẹ̀ Wò Bí Kòkó

Ayédé-Èkìtì,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí òjò dá.

Adéyínká ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí ọmọ kékeré tó wà lọ́wọ́ yín, mo sì kí onílé yín pẹ̀lú, nítorí ìyá rẹ ní ẹni tó gba ọmọ ẹni sílé ní Èkó, ó yẹ kí èèyàn máa kí i bí ẹbí. Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé omi ti ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ yín báyìí? Olúwa tó ń mú yín jáde láàárọ̀ ni yóò máa mú yín wọlé ní àlàáfíà, ẹsẹ̀ yín kò ní gbé yín dé ibi tí kò yẹ, iṣẹ́ tí ẹ bá sì dáwọ́ lé kò ní dojú rú mọ́ yín lọ́wọ́. Àmín. Àwa náà wà láàyè, a sì ń jẹun.

Ìròyìn ilé kò burú. Òjò tètè dé lọ́dún yìí, iṣu tí a gbìn sí ẹ̀bá odò ti yọ orí. Ewúrẹ́ funfun tí ìyá rẹ rà ní Ìlógbò bí mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì ń tẹ̀ lé ìyá rẹ lọ síbi ìdánrawò àwọn akọrin, débi pé alákòóso orin ní bí ó bá máa wá, kí ó yáa máa tètè dé, kí ó yé ké láàárín ẹsẹ orin. Tíṣà Ẹlúyẹmí, tí ògiri ilé rẹ̀ kan tiwa, ní kí n kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ti ń sàn, ṣùgbọ́n kò tíì jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ mọ̀, nítorí omi pípọn.

Ó ṣeé ṣe kí o máa rò ó pé kí ló dé tí Bàbá ń kọ̀wé sórí bébà nígbà tí fóònù wà. Owó tí mo bá fi sínú fóònù máa ń tán kí n tó kí ìyàwó rẹ tán, ìdí kan nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìdí gan-an ni pé ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ni mo fẹ́ kọ, ìdájọ́ sì gbọ́dọ̀ ní ìwé àti ìbuwọ́lù. Ọpẹ́olúwa àbúrò rẹ ní kí n kọ ọ́ sínú tábúlẹ́tì yẹn, ó ní yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ kí n tó gbójú sókè. Mo ní rárá. Ọ̀rọ̀ tábúlẹ́tì náà ni mo fẹ́ sọ, kò sì bójú mu kí a fi ìwé ẹjọ́ rán ẹni tí a ń dá lẹ́jọ́. Ó lè tú u kà lójú ọ̀nà.

Jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, má sì fo ìlà kankan, nítorí mo mọ̀ ọ́, láti kékeré lo ti máa ń ka òpin ìwé kí o tó ka ìbẹ̀rẹ̀. O rántí pé láptọ́ọ̀pù Ọpẹ́ kú ní oṣù tó kọjá lọ́hùn-ún, nígbà tí iṣẹ́ àṣekágbá tó ń kọ ní yunifásítì Òyè ṣì wà ní àárín. Bí kò bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá, ọdún kan gbáko ni yóò fi tún dúró. O wá fi tábúlẹ́tì tìrẹ ránṣẹ́, èyí tí o ti ń lò kí ibi iṣẹ́ rẹ tó fún ọ ní òmíràn, o ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò. O ní bí ó bá lè ṣe iṣẹ́ láptọ́ọ̀pù, kí Ọpẹ́ máa lò ó, kò sí láptọ́ọ̀pù mọ́ nìyẹn. Bí kò bá lè ṣe é, kí a dá a padà, oníṣòwò kan yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ, ìwọ yóò sì fi owó kún un láti ra láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ti lò díẹ̀. O ní agbára rẹ kò lè gbé méjèèjì. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, kò sì dùn mí.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà lo rán an sí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi yẹ kòkó wò fún ìjọba, láti Ìdó títí dé Ìkọ̀lé, kò sì sí àpò kan tí mo lu òǹtẹ̀ fún láìfọwọ́ kàn án. Jẹ́ kí n tún ṣàlàyé rẹ̀, nítorí ìwọ kì í dúró gbọ́ nígbà tí o wà ní ọmọdé. Bí àgbẹ̀ bá kó àpò wá, a kì í gba ti ẹnu rẹ̀ gbọ́. Irin tó ní ihò nínú la fi ń gún àpò náà lókè, láàárín, nísàlẹ̀. A ó da ohun tó bá tibẹ̀ jáde pọ̀, a ó ka ọ̀ọ́dúnrún èso láìṣà á, a ó sì fi ọ̀bẹ la ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gígùn rẹ̀. Èyí tó bu, a yà á sọ́tọ̀. Èyí tí kòkòrò jẹ, a yà á sọ́tọ̀. Èyí tí wọn kò bò mọ́lẹ̀ pẹ́ tó lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí wọ́n tó sá a, inú rẹ̀ máa ń rí bíi sílétì, a yà á sọ́tọ̀. Lẹ́yìn tí a bá kà wọ́n tán la ó tó sọ pé gíréèdì kìíní ni, tàbí èkejì, tàbí kí ó máa padà lọ sílé. A ń gún àárín àpò nítorí pé àwọn kan máa ń da kòkó rere sókè àti sísàlẹ̀, wọ́n á fi èyí tó bu pa mọ́ sáàárín.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ tábúlẹ́tì rẹ wò nìyẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ̀n. Mo di láptọ́ọ̀pù Ọpẹ́ tó ti kú sínú gèlè ìyá rẹ, òun àti ṣájà rẹ̀ tó rí bí bíríkì, mo fi kọ́ òṣùwọ̀n tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó lé ní kílò méjì àtààbọ̀. Mo di tábúlẹ́tì, abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ má mì. Mo rò pé òṣùwọ̀n ti bàjẹ́. Mo fi iṣu kọ́ ọ, ó ṣe dáadáa. Mo tún gbé tábúlẹ́tì sí i, ìdajì kílò ni. Mo wá jókòó. Gbogbo ayé mi ni mo ti gbà pé ohun tó bá níye lórí gbọ́dọ̀ wúwo. Nǹkan tó fẹ́ẹ́rẹ́ ju ìwé orin tí mò ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni mo rí yìí, ó sì gba odidi ìwé orin náà sínú, ó gba àwòrán ìgbéyàwó rẹ, ó gba ìwé tí Ọpẹ́ fi ọdún mẹ́rin kà, ó tún gba ohùn ìyá mi tó ti kú, tí o gbà sílẹ̀ nígbà tí ó ń bú aládùúgbò. Mo wọ̀n ọ́n kí Ọpẹ́ tó fi ìwé mẹ́wàá kún un, mo sì tún un wọ̀n lẹ́yìn náà. Ìwọ̀n kò yí padà. Tíṣà Ẹlúyẹmí ní wọ́n á ti rọra ká àwọn ìwé náà kí wọ́n tó kó wọn sí i. Mo ní bí wọ́n tilẹ̀ ká a bí aṣọ, aṣọ náà ní ìwọ̀n. Àwa méjèèjì ń wò ó.

Ohun kejì ni pé ó mọ ojú mi. Ọpẹ́ gbé e síwájú mi lẹ́ẹ̀kan, ó wò mí, láti ìgbà náà, bí mo bá ti gbé e sókè báyìí, ó ti ṣí. Mo dé fìlà, ó ṣí. Mo wọ gíláàsì, ó ṣí. Mo fá irùngbọ̀n, ó rò ó díẹ̀, ó ṣí. Ìyá rẹ gbé e, kò dá a lóhùn. Ìyá rẹ ní kí ó wo òun dáadáa, òun lòun bí ẹni tó rà á. Kò ṣí. Ó ní ṣé irú àlejò tí òún máa gbà sínú ulé òun nìyí, tí kò ní kí òun. Mo ní kí ó má bínú. Ní tèmi, inú mi dùn sí i gidigidi, ó dà bí akọ̀wé báǹkì tí wọ́n kọ́ dáadáa, tí kì í wo ojú ẹbí, tí kì í wo ojú ọ̀rẹ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wá ọmọ iṣẹ́ tó rí bẹ́ẹ̀, n kò rí ẹyọ kan.

Ẹnì kan tún wà nínú rẹ̀ tó ń bá èèyàn kọ̀wé. Mo fẹ́ kọ orúkọ rẹ, n kò tíì kọ ìdajì, ó ti kọ ọ́ tán, ó gbé e síwájú mi pé ṣé èyí ni mo fẹ́. Mo bi Ọpẹ́ pé ṣé ó mọ̀ ọ́ ni. Ó ní ọ̀dọ̀ rẹ ló kúkú ti wá. Mo rí i pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń kọ Ayédé, ó fẹ́ fi orúkọ mìíràn rọ́pò rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló yí i. Mo fi sùúrù ṣàlàyé fún un pé ìlú tí wọ́n bí mi sí ni, kì í ṣe àṣìṣe. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ló tó gbà. Mo sì kan sáárá sí i, nítorí kì í ṣe gbogbo akọ̀wé ló máa ń gbà.

Ní ti bátìrì, mo ṣe ohun kan tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ fún ọ. Wọn kò mú iná wá fún ọjọ́ mẹ́rin, agbára tábúlẹ́tì náà sì lọ sílẹ̀ títí ó fi di pupa. Mo wo ojú rẹ̀, gíláàsì dúdú tó ń dán, kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín rẹ̀ àti àwọn sólà tó wà lórí òrùlé ilé ìtọ́jú aláìsàn wa. Mo ní àṣé ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ nìyí. O mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sá nǹkan sóòrùn. Mo dúró kí ìrì gbẹ, mo tẹ́ ẹní kòkó sí àgbàlá, mo gbé e sí àárín ẹní, mo dojú rẹ̀ kọ oòrùn, mo sì jókòó tì í pẹ̀lú ọ̀pá nítorí adìyẹ. Ní ìdajì wákàtí ìdajì wákàtí ni mò ń yí i padà, kí ẹ̀yìn náà lè rí tirẹ̀ gbà. Kò pé wákàtí kan tí ó kọ ọ́ sójú pé ara òun ti gbóná jù, pé kí a jẹ́ kí òun sinmi ná, ó sì pajú dé.

Adéyínká, ẹnu yà mí. Nígbà tí láptọ́ọ̀pù Ọpẹ́ máa kú, ǹjẹ́ ó sọ nǹkan kan? Ó kàn dákẹ́ ni, bí ẹni tó bínú. Èyí mọ̀ pé ìyà ń jẹ òun, ó fi pẹ̀lẹ́ sọ fún ọ̀gá rẹ̀, kò bú mi. Mo gbé e sábẹ́ igi máńgòrò, mo ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ó ní làákàyè. Nígbà tí Ọpẹ́ dé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kò sí ohun tó kan oòrùn níbẹ̀, pé dúdú lásán ni. Mo ní kí ló dé tí wọ́n wá ṣe é dúdú. Ó tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín.

Mo fẹ́ sọ ohun tó kàn yìí fún ọ díẹ̀díẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ojú mi ti ń ṣe bí ẹni pé ọyẹ́ kò kásẹ̀ nílẹ̀ mọ́. Èmi tí mo máa ń ka ẹ̀kọ́ nínú ìsìn ní ọjọ́ Àìkú, mo ti sọ fún Àlùfáà pé kí wọ́n yọ orúkọ mi. Mo ní orí àtẹ̀gùn ibẹ̀ ga. Tíṣà Ẹlúyẹmí ló ń ka ìwé ìròyìn fún mi nílé, ó sì máa ń kà á bí ẹni tí ajá ń lé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ọpẹ́ ṣí ẹ̀kọ́ ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ sórí tábúlẹ́tì, ó di ìka mi méjì mú, ó gbé wọn lé gíláàsì náà, ó sì yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi. Mo fa ọwọ́ mi padà, nítorí mo rò pé wọ́n máa dà jáde létí rẹ̀. Ọpẹ́ ní kí n má bẹ̀rù, wọn kì í dà. Mo tún yà wọ́n. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó èso kòkó, ó dúdú, ó dúró gírí. Mo kà á. N kò fi gíláàsì sójú, n kò gbé e lọ síwájú, n kò fà á sẹ́yìn. Mo ka ojú ìwé kan tán, mo ka èkejì, ìyá rẹ wá láti ilé ìdáná, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́, kò sì sọ nǹkan kan, ìwọ náà mọ̀ pé kì í ṣe ìwà rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú náà, mo gòkè lọ, mo gbé tábúlẹ́tì sórí àga ìwé, mo ka ẹ̀kọ́ kejì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo padà sí ìjókòó, tí wọ́n ní kí a ṣí ìwé orin, mo gbàgbé, mo gbé ìka méjì lé ìwé orin gidi, mo ń yà wọ́n. Tíṣà Ẹlúyẹmí bi mí pé ṣé kòkòrò ni mò ń pa.

Lẹ́yìn èyí la wá ṣe ìdánwò gan-an. Mo ní kí Ọpẹ́ kọ ogójì nǹkan tó máa ń fi láptọ́ọ̀pù ṣe sórí bébà pélébé-pélébé, kí ó ká wọn, kí ó dà wọ́n sínú fìlà mi. Mo po wọ́n pọ̀, mo ń mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìwò, Ọpẹ́ á sì ṣe é lójú mi. Ó ka ìwé gígùn tí olùkọ́ fi ránṣẹ́. Ó fi ọ̀pá kékeré kan kọ̀wé sójú rẹ̀ bí ẹni ń kọ sí wàláà. Ó ya àwòrán ojú ìwé kan, ojú ìwé náà sì di ọ̀rọ̀ tí a lè tún kọ. Ó wọ inú kíláàsì kan tí orí àwọn èèyàn tò sí bí ẹyin nínú kérété, Tíṣà Ẹlúyẹmí sì ní ẹ̀ṣẹ̀ wo ni wọ́n ṣẹ̀. Kò jẹ́ kí a dúró kí ó tó jí, bí láptọ́ọ̀pù ṣe máa ń ṣe tí èèyàn á ti se ẹ̀kọ tán. Ó sì ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ láìtún fẹnu kan iná. Ogójì nínú ogójì ló yege. N kò rí irú àpò bẹ́ẹ̀ rí ní ayé mi. Mo pè ọ́ lórí fóònù lọ́jọ́ náà, mo ní gíréèdì kìíní, inú rẹ dùn, o ní ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù parí.

Ọpẹ́ wá ní níwọ̀n ìgbà tó ti jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n máa bá òun tọ́jú rẹ̀ sílé, pé wọ́n ń já nǹkan gbà lọ́wọ́ èèyàn ní Òyè, òun á máa wá lò ó ní Sátidé. Mo yìn ín. Mo ní ọmọ tó gbọ́n ni. Èmi tí mò ń gún àárín àpò, n kò bi í léèrè bí èèyàn ṣe lè fi Sátidé nìkan kọ ìwé tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Mo ti ń wo ẹ̀kọ́ ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òun àti Joy tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan wá ra iṣu. Ọmọ Mákúdí ni Joy, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ló fi ń kí mi láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ó ń kúnlẹ̀ dáadáa. Nígbà tí Ọpẹ́ àti ìyá rẹ lọ sí àká, ó jókòó tì mí, ó ní Dádì, ìgbà wo ni láptọ́ọ̀pù Ọpẹ́ máa dé. Mo ní láptọ́ọ̀pù wo. Ó ní ti òun ni àwọn méjèèjì jọ ń lò, bí òun bá lọ sí kíláàsì, Ọpẹ́ á jókòó sí i, bí òun bá dé, Ọpẹ́ á dìde. Ó ní òun máa lọ sílé fún iṣẹ́ tòun ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, òun á sì gbé e lọ, ó kù ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo ní tábúlẹ́tì wá ńkọ́. Ó ka ohun tí kò lè ṣe fún mi bí ẹni ka iye ọmọ ìyá rẹ̀. Igba àgbẹ̀ ní Òsì àti Ìlógbò ni Ọpẹ́ bi ní ìbéèrè nípa bí wọ́n ṣe ń tọ́jú iṣu, ètò tí wọ́n fi ń ṣírò èsì wọn kò sì lè wọ tábúlẹ́tì rárá. Àwọn tábìlì tí olùkọ́ rẹ̀ fi àmì pupa sí, bí wọ́n bá ti débẹ̀, wọ́n á fọ́n ká. Fíláàṣì tí olùkọ́ ní kí wọ́n fi iṣẹ́ sí, kò sí ihò tí yóò gbà wọlé. Mo bi í pé ṣé Ọpẹ́ mọ gbogbo èyí. Ó ní Dádì, Ọpẹ́ ló kọ́ mi.

N kò pariwo. Mo mú fìlà mi, mo fún Joy ní bébà, mo ní kí ó kọ ogójì tirẹ̀, kí ó má fi nǹkan kan sílẹ̀. Nígbà tí Ọpẹ́ dé tí ó rí fìlà náà, ó gbé agbọ̀n iṣu sílẹ̀. A tún un ṣe. Méjìdínlọ́gbọ̀n yege bí ẹni tó ń ṣeré. Méje yege pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀, ìka Ọpẹ́ ń yọ̀, ó ń tún un tẹ̀. Márùn-ún kò yege rárá. Bóyá ìwọ yóò ní márùn-ún nínú ogójì kò pọ̀. Jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àpò kan lè dára láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí gbogbo èso rẹ̀ sanra, ṣùgbọ́n bí a bá la á tí ó ń rùn èéfín, nítorí pé iná ni wọ́n fi yan án gbẹ, a kì í ka iye èyí tó dára mọ́. Ó ń padà lọ sílé ni. Márùn-ún wọ̀nyí ni ìwé-ẹ̀rí àbúrò rẹ wà nínú wọn.

Mo bi Ọpẹ́ pé kí ló dé tó fi yọ márùn-ún yìí kúrò nínú fìlà lọ́jọ́ kìíní. Ó ní òun lè yá láptọ́ọ̀pù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, pé kò sí ẹni tó lè yá Bàbá ní ojú. Ó ní òun ò lè máa jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì kí òun tún máa wo bí mo ṣe ń ṣe bí ẹni pé orin tí wọ́n ń kọ ni mò ń wò nínú ìwé, tí ìwé sì dorí kodò. N kò mọ̀ pé ó rí i. Adéyínká, ìyá rẹ ló bá mi dá a lóhùn. Ó ní ẹ̀yin méjèèjì, ẹ gbọ́, wọ́n ń ṣí ojú ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìdó, dókítà ibẹ̀ ti ní kí ó wá láti ọdún kejì sẹ́yìn, ẹ̀rù ọ̀bẹ ló ń ba bàbá yín. Ó ní ọkùnrin tó fi ọ̀bẹ la gbogbo kòkó Èkìtì, kí wọ́n fi ọ̀bẹ kékeré báyìí kan òun náà, ó di àìsàn. Joy rẹ́rìn-ín, ó tún ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́.

Nítorí náà, mo fagi lé ohun tí mo sọ fún ọ lórí fóònù. Ìdájọ́ mi nìyí. Fún kíka ìwé, fún wíwo olùkọ́ àti gbígbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, fún gbígbé kiri àti fún ojú àgbàlagbà, tábúlẹ́tì náà jẹ́ gíréèdì kìíní, n kò sì rí irú rẹ̀ rí. Fún iṣẹ́ àṣekágbá Ọpẹ́, n kò lu òǹtẹ̀ fún un. Kọ́lápọ̀ tó ń wa ọkọ̀ Èkó ni mo fi í rán, òun àti ìwé yìí. Fà á lé oníṣòwò náà lọ́wọ́, kí láptọ́ọ̀pù dé Òyè kí Joy tó lọ sílé. Má bá àbúrò rẹ wí. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló ti gbìyànjú láti tàn mí jẹ nítorí owó. Òun nìkan ló tàn mí jẹ nítorí mi, òun nìkan náà ló sì rí i ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ kù díẹ̀. Rí i pé láptọ́ọ̀pù tí o máa rà ní ṣájà tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, bí oṣù bá parí, bá mi fi owó ọkọ̀ dé Ìdó ránṣẹ́, àti owó káàdì, àti ohun tí dókítà bá máa gbà. Jọ̀ọ́, fi í sí ọwọ́ ìyá rẹ, kì í ṣe ọwọ́ mi, ó ní bí ó bá dé ọwọ́ mi, ẹ̀rù á tún bà mí, n óò fi ra oògùn kòkó.

Ọlọ́run tó fi ọ́ fún wa yóò dá ọ sí fún àwọn ọmọ rẹ. Ibi tí o ti ń tọ́jú wa, ìwọ náà kò ní ṣaláìrí olùtọ́jú. Iṣẹ́ rẹ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ojú rẹ yóò ríran dé ọjọ́ ogbó, Ọpẹ́ yóò wọ aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, ìwọ àti ìyàwó rẹ yóò sì wá jókòó tì wá lọ́jọ́ náà. Ìyá rẹ ní àmín, ó ní kí n má gbàgbé kí n kí onílé lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bí o bá rí i pé àwọn ìlà tí mo kọ ń gun orí ara wọn, kì í ṣe pé ó rẹ̀ mí. Láti àárọ̀ ni mo ti di tábúlẹ́tì náà sínú páálí, n kò sì fẹ́ tú u mọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọláyíwọlá.